Ìgbìmọ̀ A-Ò-Fẹ́-Èéfín ti Ìbà

Mo júbà o. Ìbà ni mo ń gbé, ìbà ni mo ń jú, kí ibà má bàa dá mi dùbúlẹ̀. Ìbà ẹ̀yin ìyá mi tó ń yan ẹja ní Ìyànà-Ìbà. Ìbà ẹ̀yin bàbá mi tó ń ta ayò ní ẹ̀sítéètì láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹ sì ń sọ pé ẹ ò ráyè gbá iwájú ilé yín. Ìbà ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gba ojú títì bí ẹni pé bàbá yín ló fi jogún fún yín. Ẹlẹ́fẹ̀ tí kò bá júbà kó tó la ẹnu, ẹnu náà ni yóò kọ́kọ́ wú. Ẹ̀fẹ̀ ni mo gbé dé, ìjà kọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá dùn mọ́, kó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá dùn, kó rẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn tó jókòó tì í má bàa mọ̀ pé òun ni mo ń bá wí.

Ẹ ti gbọ́ nípa Alájẹkì. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn, nítorí orúkọ tí ìjọba ń pè é gùn ju títì Badagry lọ. Ẹ̀rọ ńlá ni. Yóò máa fi iná jó pàǹtí Èkó, yóò sì máa fi ooru rẹ̀ ṣe iná mànàmáná. Níparí ọdún 2023, níbi àpérò àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Dubai, ni ìjọba Èkó ti buwọ́ lùwé pẹ̀lú àwọn òyìnbó Netherlands kan, Harvest Waste Consortium. Ààtàn Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ní Alájẹkì yóò máa gbé. Yóò máa jẹ pàǹtí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù lójoojúmọ́, yóò sì máa bi iná mẹ́gáwáàtì 60 sí 75 jáde.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n wí o. Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ pé bí o bá wọ ọkọ̀ ní Òkokomaikò láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí gòsílò Máìlì Tú bá fi ojú kàn ọ́, irùngbọ̀n rẹ á ti hù kó o tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ kì í pẹ́ lọ́nà. WhatsApp ló gbé e. Nígbà tó fi máa kọjá Ìkẹjà, Alájẹkì ti di méjì. Nígbà tó dé Ìgándò, wọ́n ní ààtàn Solous ni wọ́n fẹ́ gbé èkejì sí. Nígbà tó fi máa wọ Ìbà, ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ lándílọ́ọ̀dù mi ni wọ́n ti ń wọn ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ìjọba sọ nípa Solous kò ju pé àwọn fẹ́ ti í pa, àti òun àti ààtàn Olúṣòsùn, kí wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n á ti máa ṣa pàǹtí, tí wọ́n á sì ti máa kó èyí tó kù kọjá lọ síbòmíràn. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Òtítọ́ ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, àhesọ ti gun Márúwá.

Bí a ṣe dá Ìgbìmọ̀ A-Ò-Fẹ́-Èéfín sílẹ̀ nìyẹn, láti bá ẹ̀rọ tí kò mọ àdírẹ́sì wa jà. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Kì í ṣe pé mo mọ̀wé o. Èmi nìkan ni mo mú bírò wá.

Àgbàlagbà kan wà láàárín wa tó ti ń gbé ẹ̀sítéètì láti ìgbà Bàbá Kékeré, Lateef Jákàńdè, tó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, tó kọ́ ilé fún tálákà, tí àwọn tálákà náà sì ti ń gba owó ilé ọdún méjì lọ́wọ́ tálákà ẹgbẹ́ wọn báyìí. Bàbá yìí ló béèrè ìbéèrè ọlọ́gbọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ìjọba ti ṣèlérí fún wa rí tó dé lásìkò? Títì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ní 2009, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń wá ọ̀nà wọ LASU. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ní yóò dé Òkokomaikò, oṣù kẹsàn-án 2023 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé èrò láti Marina, Máìlì Tú ló sì fìdí kalẹ̀ sí. Bí Alájẹkì bá tilẹ̀ ń bọ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù, ká bí ọmọ tí yóò bá a jà."

Alága dáhùn pé, "Bàbá, ohun rere ni kì í tètè dé Òkokomaikò. Ohun burúkú, wọnwéè ló máa ń gbà." A pàtẹ́wọ́.

Ìpàdé yẹn dùn. Wọ́n pín ìrẹsì. Inú kí ni wọ́n bu ìrẹsì sí? Inú abọ́ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, èyí tí kọmíṣọ́nnà àyíká, Tokunbo Wahab, kéde ní oṣù kìíní 2024 pé ìjọba ti fòfin dè. Abọ́ tó ti kú lójú òfin, tó wá ń gbé ìrẹsì kiri Ìbà bí àkúdàáyà! A jẹ ẹran, a mu omi inú ọ̀rá. Nígbà tí alága fi máa sọ pé, "A ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi pàǹtí pa wá," abọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti wà nínú gọ́tà. Mo kà wọ́n. Akọ̀wé ni mí, iṣẹ́ mi ni.

Aago méje lù. Bí ó ti lù ni èéfín dé.

Kò sí òpópónà kan láti Ìgbó-Elérin títí dé Níú Sáìtì tí kò ní Bàbá Oníṣáná tirẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹlòmíràn nínú yín ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló máa ń wọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò kúkúrú tí ọlá ti kúrò lára rẹ̀. Ìṣáná wà lọ́wọ́ ọ̀tún, igi ìkoná wà lọ́wọ́ òsì, ojú rẹ̀ sì le bíi ti babaláwo tó fẹ́ rúbọ. Ohun ẹbọ rẹ̀ ni ọ̀rá, ike, bàtà tó ti já, pampers, àti táyà kan tó ti ń tọ́jú láti ìgbà ọdún tó kọjá. Bí iná bá ràn, èéfín á yọ dúdú, á yọ pupa, á yọ àwọ̀ ewé. Bí ó bá gbé e lọ sí òkè òkun, wọ́n á ní iṣẹ́ ọnà ni, wọ́n á fún un lámì ẹ̀yẹ. Níhìn-ín, ikọ́ ló fi ń dá wa lọ́lá. Bí ẹ bá bi í pé kí ló ń jó, á ní òun ń lé ẹ̀fọn. Òótọ́ ni, ẹ̀fọn ò sí mọ́. Àwa náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Ti òpópónà tiwa, igbákejì alága Ìgbìmọ̀ A-Ò-Fẹ́-Èéfín ni.

Ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́. Ẹ̀yin náà ní ọjọ́ tiyín, ọjọ́ òjò ni. Kí òjò Ọ̀jọ́ tó ṣú, ẹ ti to ọ̀rá pàǹtí sẹ́nu ọ̀nà bí èrò Mẹ́kà tó ń dúró de bàálù. Ẹ̀kán méjì òjò kán, gbìì, ó di gọ́tà. "Omi á gbé e lọ." Omi á gbé e lọ síbo? Omi Òkokomaikò kì í lọ síbì kan, kò rọ́nà. Yóò gbé pàǹtí rẹ yí àdúgbò ká bí ẹni tó ń wá ìbò, yóò kí gbogbo ilé, yóò sì padà wá sùn ní pálọ̀ rẹ.

Ẹ̀yin ará Alábà, ẹ wá gba tiyín. Ní 2005, àwọn ajàfáyìíká kan, Basel Action Network, wá yẹ Èkó wò. Wọ́n ní nǹkan bí 500 kọ̀ǹtéénà àlòkù ẹ̀rọ ló ń wọ èbúté Èkó lóṣooṣù. Àwọn oníṣòwò fúnra wọn ló sọ fún wọn pé nínú ẹrù mẹ́rin, mẹ́ta ni kò ṣeé tún ṣe mọ́. A sanwó ọkọ̀ ojú omi fún pàǹtí òyìnbó, bí ẹni pé tiwa ò tó! Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ọjà ló ń lọ, wọ́n á tú wáyà rẹ̀, wọ́n á dáná sun ún. Wọ́n ń wá bàbà, wọ́n ń fi èéfín pa bàbá.

Ẹ̀yin tó sì ń sọ pé, "Ìgbà ìmọ́tótó kọ́ la wà yìí, Sátidé tó ń parí oṣù ti lọ," ẹ jọ̀ọ́ ẹ má mú mi sọ̀rọ̀. Láti aago méje sí mẹ́wàá ni wọ́n fi ń sé wa mọ́lé kí á lè gbálẹ̀, kí ìjọba tó dá a dúró ní oṣù kọkànlá 2016. Èwo nínú yín ló gbá nǹkan kan? Oorun ni gbogbo wa ń sùn. Ìgbálẹ̀ tẹ́ ẹ gbé síwájú ilé kí àwọn agbófinró lè rí i, òun nìkan ló mọ́.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ mi. Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ̀wé sí ìjọba.

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ kúrú. Mo ní, "Ẹ̀rọ yìí kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ bi àwọn tó ṣáájú yín." Mo wá kọ ìdí rẹ̀ sí i: Èkó ti bá irú Alájẹkì yìí pàdé rí. Ọdún 1977 ni wọ́n dá àjọ ìkólẹ̀ tó padà di LAWMA sílẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ìjọba ra ẹ̀rọ ìjópàǹtí wá láti òkè òkun, tí owó ńlá bá a lọ. Wọ́n gbé pàǹtí Èkó fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó pa ẹnu dé. Pàǹtí wa tutù jù! Òyìnbó tó ṣe é rò pé páálí àti ìwé ìròyìn ni à ń pè ní pàǹtí. Kò mọ̀ pé tiwa ni omi ilá, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ẹ̀wà tó ti kan láti ọjọ́ Ẹtì. Kí ó tó lè jó, àfi kí wọ́n máa da epo sí i. A ní ká fi pàǹtí ṣe iná, a wá ń fi epo bọ́ pàǹtí. Nígbẹ̀yìn, wọ́n sọ ọ̀kan nínú ilé ẹ̀rọ náà di gbọ̀ngàn ìpàdé àdúgbò.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ǹ bá má ti kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. "Gbọ̀ngàn?" ni alága béèrè. "Ṣé ó lájà? Ṣé a lè ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀?" Lójú ẹsẹ̀, ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta yí padà: kí Alájẹkì máa bọ̀ kíákíá, kó ṣáà ti tètè kú, kó fi ilé sílẹ̀ fún wa. Mo ya ìwé náà.

Ìwé kejì, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é fún mi: "Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é ní dandan, Ẹ̀pẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ìgbèríko ni. Ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀." Ìyàwó ilé kan dìde lẹ́yìn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ ti bá wa wí tán. Ó ní, "Ẹ ní èéfín á pa ọmọ yín ní Ìbà. Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́ ní Ẹ̀pẹ́? Ṣé ẹja ni wọ́n, tẹ́ ẹ fi fẹ́ yan wọ́n? Bẹ́ ẹ bá ń wá ẹja tútù, ẹ mọ ọ̀nà ọjà Olúwo dáadáa. Ẹja, ẹ gbà. Pàǹtí, ẹ fún wa. Owó ẹja yín dà?" Kò sẹ́ni tó fọhùn. Alága fi aṣọ ìnujú nu ojú. Ó ní, "Akọ̀wé, yọ ọ́, kí Ẹ̀pẹ́ má bàa di èpè." Mo ya ìwé kejì.

Ìwé kẹta ni mo fi ọgbọ́n sí. Tíṣà kan wà láàárín wa tó ti fẹ̀yìn tì, màmá tó mọ kẹ́mísírì ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe mọ orúkọ ọmọ wọn lọ. Ó ní ẹ̀rọ tó bá dára gbọ́dọ̀ jó pàǹtí nínú ooru tó ju 850 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi ń hó ní 100, ẹ fi wé e. Bí ooru náà bá lọ sílẹ̀, májèlé tí à ń pè ní dioxin á bá èéfín jáde. Ó ní bí ó bá tilẹ̀ jó dáadáa, pàǹtí kì í tán. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ á ṣẹ́kù di eérú, èyí tó kúnná jù lọ, tí asẹ́ ń gbà mú nínú èéfín, ló sì lóró jù. "Níbo ni wọ́n fẹ́ da eérú náà sí?" ló béèrè. Bàbá àgbàlagbà ní, "Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀." Màmá tíṣà ní, "Bàbá, ẹ ti ṣe kẹ́mísírì tán."

Wọ́n wá rántí Koko. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀. Ní 1988 ni àṣírí tú pé wọ́n ti kó májèlé láti Ítálì wá sí ìlú Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, wọ́n sì háyà àgbàlá ẹnìkan láti kó àwọn dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ jọ. Owó àgbàlá! Láti ìgbà náà ni bí òyìnbó bá ti pe pàǹtí, tí ìjọba sì ń rẹ́rìn-ín, ara wa kì í balẹ̀. Ẹ má bínú sí wa. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ni wá.

Ṣùgbọ́n màmá tíṣà kì í gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ó ní àwọn tó fẹ́ ẹ̀rọ náà kò ya wèrè. Ṣé a ti gbàgbé oṣù kẹta 2018, nígbà tí Olúṣòsùn gbaná, tí Òjòta di ọ̀run àpáàdì kékeré? Ní Addis Ababa, ààtàn Koshe ya lulẹ̀ ní oṣù kẹta 2017, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọdún kejì ni wọ́n ṣí ẹ̀rọ Reppie síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ààtàn kò dára, iná kò dára. A dákẹ́. Ó dà bí ẹni pé kò sí ibi tí pàǹtí lè gbé, àfi ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́. Mo dé orí "èéfín yóò ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wa jẹ́", ni nǹkan dúdú kan bá já láti òkè, ó balẹ̀ sórí "ẹ̀dọ̀fóró", ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí òǹtẹ̀ ìjọba. Táyà ni. Igbákejì alága ti tún iná ko. Mo ya ìwé kẹta.

Ìwé kẹrin, ará ìlú òyìnbó ló bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé Peckham pè lórí fóònù, ó ní ká má jẹ́ ará oko. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn ní gúúsù ìlà-oòrùn London, irú Alájẹkì bẹ́ẹ̀ wà, SELCHP ni wọ́n ń pè é, ó ti ń jẹun láti 1994. Ooru rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú ilé bí 2,500 gbóná ní Southwark. Ìyẹn ni pé èèpo iṣu tí ẹ̀gbọ́n jẹ lọ́jọ́ Sunday lè máa mú ìdí òyìnbó móoru lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n ò sọ fún wa pé ní Edmonton, ní àríwá London níbẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, àwọn ará àdúgbò ti pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun fi gbẹ, nítorí wọ́n fẹ́ fi òmíràn rọ́pò ti àtijọ́, èyí tí yóò lè jẹ 700,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ẹ̀gbọ́n ní, "Copenhagen ńkọ́?" Òótọ́ ni ti Copenhagen. Wọ́n kọ́ òkè ìyọ̀tẹ̀rẹ́ sórí òrùlé ẹ̀rọ tiwọn; èèyàn ń sanwó kó lè yọ̀ ṣubú lórí pàǹtí. Ní Ìyànà-Ìbà, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ni o. Ní Peckham, ó ń fọ ike mílíìkì kó tó jù ú nù, ó ní garawa tirẹ̀ fún ìwé, ó ní ti ìgò, ó ní ti àjẹkù oúnjẹ. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo wà nínú ọkọ̀ tó gbé e láti pápákọ̀ òfuurufú. A ò tíì dé ibùdókọ̀ PPL tó ti yí gíláàsì sílẹ̀, tó ju ìgò omi sí títì. Mo wò ó. Ó ní, "Nàìjíríà ò létò." Ọwọ́ tó fi jù ú ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé Nàìjíríà ló ni ín?

Mo ya ìwé kẹrin. Níbi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́ ni ọmọkùnrin kan ti ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣa ike àti irin káàkiri. Ó dúró, ó ń wo abọ́ inú gọ́tà. Ó ní, "Ẹ kú ìpàdé o. Ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́ pé ẹ̀rọ kan ń bọ̀. Kí ló ń jẹ?" A ní pàǹtí ni. Ó ní, "Èwo nínú pàǹtí? Èyí tó lè jó ṣáà ni: ọ̀rá, ike, páálí. Ohun tí èmi ń ṣà tà nìyẹn. Bó bá jẹ ẹ́ tán, kí lèmi ó jẹ? Èyí tó tutù tó kù, ewúrẹ́ yín ń dúró dè é."

Gbogbo wa wo ara wa. Màmá tíṣà ń fi ìka ṣírò. Ó ní, "Bí ọmọlanke bá kó gbígbẹ, tí ewúrẹ́ àti oko ẹ̀fọ́ bá gba tútù, kí ló kù fún Alájẹkì?"

Igbákejì alága ní, "Pampers."

Ohun tí ọlọ́mọlanke fi gbólóhùn mélòó kan sọ yìí ni ẹgbẹ́ GAIA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní South Africa ní ọdún 2000, ti ń fi ìwé ńláńlá sọ káàkiri ayé, tí ẹgbẹ́ SRADeV náà sì ń sọ nílùú Èkó níhìn-ín: ẹni tó ya pàǹtí rẹ̀ sọ́tọ̀ láti ilé kò ní nǹkan púpọ̀ tí yóò gbé fún iná. Garawa méjì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀kan fún gbígbẹ, ọ̀kan fún tútù.

Màmá tíṣà dábàá pé kí ilé kọ̀ọ̀kan ra garawa méjì. Ẹ bá wo ojú àwọn tó fẹ́ kú nítorí Ìbà ní wákàtí méjì sẹ́yìn! Ọ̀kan ní garawa ti wọ́n. Ọ̀kan ní ìyàwó òun kò ní gbà. Lándílọ́ọ̀dù kan ní kí àwọn ayálégbé kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ayálégbé ní lándílọ́ọ̀dù ló ni ilẹ̀, òun náà ló ni ìdọ̀tí tó wà lórí rẹ̀. LAWMA ní nǹkan bí 13,000 tọ́ọ̀nù pàǹtí ni Èkó ń dà sílẹ̀ lójúmọ́. Bí ẹ bá gbọ́ àwáwí wa lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ó gbà pé láti ojú ọ̀run ló ti ń já bọ́. Alága fi àdúrà parí ìpàdé. A gbàdúrà kí Ọlọ́run ba Alájẹkì jẹ́. A ò gbàdúrà kan garawa.

Mo padà sílé, mo jókòó, mo kọ ìwé karùn-ún fúnra mi. Ó dára, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé àwa ará Ìbà kò fẹ́ kí wọ́n fi iná jó pàǹtí níbikíbi, ì báà ṣe Ẹ̀pẹ́, ì báà ṣe Ìgándò. Pé pàǹtí wa tutù, pé ó lówó nínú, pé iná kì í ṣe ibùsùn rẹ̀. Mo buwọ́ lù ú. Mo ká a, mo fi sínú àpò ìwé. Inú mi dùn sí ara mi.

Ó wá ku ìwé mẹ́rin tí mo ti ya, tí mo kó bọ̀ wálé, tí wọ́n fọ́n sílẹ̀ ní pálọ̀ bí owó òde. Ọkọ̀ ìkópàǹtí PSP kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa láti ọ̀sẹ̀ méjì; bó bá sì dé, yóò kó ìdajì, yóò da ìdajì sílẹ̀ kí ọ̀nà má bàa gbàgbé rẹ̀. Garawa mi kan ṣoṣo ti kún. Iná NEPA kò sí. Mo ṣa àwọn ìwé náà jọ, mo gbé wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Ìwé lásán ṣáà ni. Ó gbẹ dáadáa. Ó kéré. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, ta ló máa rí mi? Mo ṣá ìṣáná.

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí fóònù mi dún. WhatsApp àdúgbò ni. Igbákejì alága ló fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán: "Ẹ̀yin ará, ẹ jí o! Alájẹkì ti dé. Ẹ̀yìn ilé akọ̀wé ni wọ́n gbé e sí."